Tíṣà ní kò ya òun lẹ́nu pé ọmọ mi ń já sẹ́yìn, torí èmi nìkan ni mò ń tọ́ ọ

ÌyáÀdùnní:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 11. Ọmọ tó mọ̀wé ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ láti sáà tó kọjá ni ìṣirò ti ń fún un ní wàhálà. Wọ́n pe àwa òbí síléèwé pé ká wá wo èsì ìdánwò. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí tíṣà fi béèrè pé, "Bàbá rẹ̀ ńkọ́?" Mo ní a ti kọ ara wa sílẹ̀, ìlú mìíràn ló ń gbé. Ó mirí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Kò yà mí lẹ́nu. Bí àwọn ọmọ tí òbí kan ń dá tọ́ ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn." Ọ̀rọ̀ parí. Kò béèrè bóyá ọmọ ń sùn dáadáa. Kò béèrè bóyá nǹkan kan yí padà nílé, bẹ́ẹ̀ a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí àdúgbò mìíràn ni, ọmọ sì pààrọ̀ iléèwé láàárín ọdún. Kò tiẹ̀ ṣí ìwé iṣẹ́ ọmọ kí n rí ibi tó ti ń ṣì í ṣe.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ tí òbí kan ń tọ́ kì í ṣe dáadáa níléèwé? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ni mo lè ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. A ti kọjá ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀Ṣùnùkùn:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀nà tí tíṣà yẹn gbà sọ̀rọ̀ ò dáa, àmọ́ irọ́ kọ́ ló pa. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀yin lẹ máa ṣiṣẹ́ owó, ẹ̀yin lẹ máa bójú tó ilé, ẹ̀yin náà lẹ máa jókòó ti iṣẹ́ àṣetiléwá. Ibì kan gbọ́dọ̀ mẹ́hẹ. Ohun tó ń bí mi nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí ni bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ pé kò séwu, kò sí nǹkan tó máa ṣe ọmọ, bí ẹni pé bàbá tàbí ìyá jẹ́ àga tí wọ́n kàn gbé kúrò ní pálọ̀. Ọmọ mọ̀ pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀.

BàbáDátọ́mọ:

Wọ́n ní kí ẹ má sọ ọ́, ẹ wá gba ẹ̀yìnkùlé sọ ọ́. Ẹ ṣeun.

Èmi ni ìyá àwọn ọmọ fi ilé sílẹ̀ fún. Bí mo bá dé iléèwé wọn, ńṣe ni gbogbo wọn máa ń kí mi kú iṣẹ́: "Bàbá tó ń gbìyànjú!" Ìyá tó ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀bi ni wọ́n ń dì rù ú. Ẹ rò ó wò ná.

Òǹkàwéòru:

Ìyá Àdùnní, mo máa sọ òótọ́ tí ẹ ní ká sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàtọ̀ wà. Àmọ́ ohun tí tíṣà rò pé ó fà á kọ́ ló fà á.

Onímọ̀ nípa àwùjọ kan ti wà rí ní Yunifásítì Princeton, ní Amẹ́ríkà, Sara McLanahan lorúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti dá tọ́ ọmọ mẹ́ta rí lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, torí náà kì í ṣe ẹni tó kàn jókòó lókèèrè bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ìyá. Lọ́dún 1994, òun àti olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Gary Sandefur, gbé àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde lórí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé ọmọ tí kò gbé pẹ̀lú òbí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ewu pé á fi iléèwé girama sílẹ̀ láìparí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fa ìwádìí yìí yọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa ìwé dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣí i padà. Lákọ̀ọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ló parí iléèwé wọn. Ewu tó di ìlọ́po méjì kò sọ pé gbogbo ọmọ ló kùnà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n wá ìdí ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ náà tó bí ìdajì ló jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Bí ilé kan bá di méjì, owó tó ń wọlé máa ń já wálẹ̀, bùkátà ò sì já. Nínú ìyókù, ẹ ó rí kíkó láti ilé dé ilé, tí ọmọ á pàdánù ọ̀rẹ́, olùkọ́ àti aládùúgbò tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ó sì rí àkókò àti àbójútó tó dín kù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni tàwọn ọmọ tí ìyá wọn tàbí bàbá wọn fẹ́ ẹlòmíì, tí àgbàlagbà tún wá pé méjì nínú ilé. Wọn ò ṣe dáadáa ju àwọn tí òbí kan ń dá tọ́ lọ. Bó bá jẹ́ iye orí tó wà nínú ilé ló ń gbé ọmọ yege, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀Ṣùnùkùn, èyí wà fún ẹ̀yin náà. Lọ́dún 1991, àwọn olùwádìí méjì, Paul Amato àti Bruce Keith, kó ìwádìí 92 pọ̀, ọmọ tó wà nínú rẹ̀ lé ní 13,000. Ìyàtọ̀ wà láàárín ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ àti èyí tí òbí rẹ̀ jọ ń gbé, àmọ́ kò fẹ̀ bí àwọn èèyàn ṣe rò. Àwọn ọmọ tí òbí wọn jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà, tó wá jẹ́ ìjà ní òwúrọ̀, ìjà ní alẹ́, tiwọn burú ju ti àwọn ọmọ ìkọ̀sílẹ̀ lọ.

Ẹ tún gbọ́ ti olùwádìí kan, Mavis Hetherington, tó tẹ̀ lé àwọn ìdílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ọmọ 100 tí òbí wọn kọ ara wọn sílẹ̀, bíi 25 ló ní ìṣòro tó le nípa ìwà, ọkàn tàbí àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn èèyàn. Nínú 100 tí òbí wọn wà pọ̀, bíi 10 ni. Ẹni tó bá fẹ́ dẹ́rù bà yín á ní 25 ju 10 lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ̀ yín lẹ́kún á ní 75 nínú 100 ò ní ìṣòro kankan tó le. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

ỌmọOpó:

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n dá tọ́ náà sọ̀rọ̀.

Bàbá mi kú kí n tó wọ iléèwé girama. Ìyá mi ò ní olùrànlọ́wọ́ kankan nílé. Àmọ́ kò sí olùkọ́ tó mirí sí mi rí. Tíṣà ìṣirò wa máa ń dá mi dúró tí kíláàsì bá tú, á ní kí n ṣe ọ̀kan sí i lójú òun. Àbúrò bàbá mi ló ń wá wo èsì ìdánwò mi ní sáà tí ìyá mi ò bá lè kúrò níbi iṣẹ́. Gbogbo èèyàn gbà pé àwọn jẹ mí ní nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì kan náà, bàbá tiẹ̀ wà láàyè, ó kàn lọ ni, kò padà wá. Àwọn olùkọ́ kan náà tó ń pè mí ní "ọmọ wa" ló ń sọ nípa tiẹ̀ pé "ẹ rí i, kò sẹ́ni tó ń bá a wí nílé." Òbí kan ló wà nílé tiwa, òbí kan ló wà nílé tiwọn. Èmi ni wọ́n ràn lọ́wọ́.

Òǹkàwéòru:

Ohun tí ẹ sọ yìí wà nínú ìwádìí McLanahan àti Sandefur pẹ̀lú. Àwọn ọmọ tí ikú mú òbí wọn kan lọ, èsì wọn níléèwé sàn ju ti àwọn tí òbí wọn kọ ara wọn sílẹ̀ tàbí tí kò fẹ́ ara wọn rí lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kú ò lè padà wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Owó wà lára rẹ̀: ní Amẹ́ríkà, láti 1939 ni òfin ti fàyè gba kí ìjọba máa san owó fún opó tó ń tọ́mọ àti fún àwọn ọmọ tí òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀. Kò sí kọ́ọ̀tù, kò sí ìjà lórí ta ni ọmọ á lọ bá. Ojú àánú náà sì wà, bí ẹ ṣe wí.

TíṣàÀgbà:

Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n bá ìyá yìí sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò, torí pé a ti ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá, ìyá, opó àti Amẹ́ríkà látàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì béèrè ohun tí ọmọ kọ sínú ìwé.

Ọmọ ọdún 11 tó mọ̀wé tẹ́lẹ̀, tí ìṣirò nìkan wá ṣubú lé lọ́wọ́, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iléèwé láàárín ọdún: nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa wò ni bóyá orí ẹ̀kọ́ kan bọ́ sáàárín iléèwé méjì. Iléèwé àkọ́kọ́ ò tíì kọ́ ọ nígbà tó kúrò, ìkejì ti kọ́ ọ tán kó tó dé. Kò sí olùkọ́ tó máa mọ̀, torí pé kálukú rò pé ẹnì kejì ti kọ́ ọ. Ọmọ náà ò ní sọ fún yín. Á rò pé orí òun ni kò pé.

Ẹ lọ mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìṣirò mẹ́ta tó kùnà síbí, bó ṣe ṣe é gan-an, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.

ÌyáÀdùnní:

Ẹ ṣeun, sà. Mo dúró kó sùn kí n tó mú un nínú báàgì rẹ̀, kó má rò pé mò ń ṣọ́ òun.

1/2 + 1/3 = 2/5

3/4 + 1/2 = 4/6

2/3 + 1/4 = 3/7

Ìlọ́po àti ìpín tó wà lójú ewé kan náà, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Kò tiẹ̀ sí ibi tó ti ṣì í.

TíṣàÀgbà:

Ẹ ò rí i! Ọmọ yín ò dọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé. Ohun kan náà ló ń ṣe ní gbogbo ìgbà: ó ń fi nọ́ńbà òkè kún ti òkè, ó ń fi ti ìsàlẹ̀ kún ti ìsàlẹ̀. Òfin ló ń tẹ̀ lé, òfin náà ni kò tọ̀nà. Ẹni tí kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ni pé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba kí a tó lè ro wọ́n pọ̀, ohun tó máa ṣe nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ì báà wà nílé láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní yí i padà.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pé "ó kùnà." Ẹ bi í pé, láàárín 2/5 àti 1/2, èwo ló pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ kó rò ó fúnra rẹ̀. Bó bá ti rí i pé 2/5 ò tó ìdajì, ẹ bi í pé báwo ni ẹni tó ní ìdajì, tí wọ́n tún fi nǹkan kún un fún, ṣe wá ní ohun tí kò tó ìdajì. Ẹ ó rí i tí ojú rẹ̀ máa yí padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà funfun kan. Ẹ ká a sí mẹ́ta ní gbọọrọ, ẹ tún ká a sí méjì ní ìbú, ẹ wá tẹ́ ẹ. Ojú mẹ́fà ló máa fara hàn. Ìdajì bébà náà jẹ́ ojú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta jẹ́ ojú méjì. Ẹ ní kó kun wọ́n ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó má jẹ́ kí wọ́n gun ara wọn. Márùn-ún nínú mẹ́fà ló máa kùn, 5/6. Kò sí ohun tí ẹ ní láti kọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn ju pé kó ṣe méjì mìíràn bákan náà.

BàbáDátọ́mọ:

Ẹ gbà mí, èmi náà ń kọ́ ọ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ìyá Ben Carson, Sonya Carson. Ẹ mọ Ben Carson, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ tó ṣáájú àwọn dókítà tó ya àwọn ìbejì tí orí wọn lẹ̀ mọ́ra lọ́dún 1987. Ìyá rẹ̀ ló dá tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá náà ò kọjá kíláàsì kẹta níléèwé, inú ilé àwọn olówó ló ti ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó. Nígbà tí èsì àwọn ọmọ ń burú, ó dín tẹlifíṣọ̀n kù fún wọn, ó ní kí wọ́n máa yá ìwé méjì ní láíbìrì lọ́sẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ fún òun. Á gba bébà náà, á máa fi bírò sàmì sí i bí ẹni tó ń kà á. Ó pẹ́ kí àwọn ọmọ tó mọ̀ pé ìyá wọn ò lè kà á dáadáa.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyí: èmi ò mọ ìṣirò, mo sì máa ń sá fún iṣẹ́ àṣetiléwá torí kí àwọn ọmọ má rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá yẹn ò sá.

Òǹkàwéòru:

Mo fẹ́ràn ìtàn náà, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ mo máa ń bẹ̀rù bí a ṣe ń lò ó. Wọ́n á mú ẹnì kan tó di dókítà ńlá, wọ́n á fi na àwọn ìyá yòókù lẹ́gba: "Ṣebí ìyá ti lágbájá ṣe é." Ibi tó wúlò ni ohun kékeré tó ṣe. Ó wà lágbára ẹni tó ti rẹ̀. Kíkà ni ó ní kí ọmọ ṣe, òun kàn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń retí bébà náà ni.

ÀǹtíNọ́ọ̀sì:

Ìyá Àdùnní, mo ní ìbéèrè méjì tí mo máa ń bi gbogbo òbí tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú mi.

Aago mélòó ló ń sùn? Àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ lọ́dún 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, ẹni ọdún 13 sí 18 nílò 8 sí 10. Nílé tí òbí kan ti ń pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, ọmọ máa ń fẹ́ dúró de òbí rẹ̀. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ó máa ń hàn nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìkejì le díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ta lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ lálẹ́? Àwa tó ń dá tọ́mọ (èmi náà wà níbẹ̀), tí ilé bá ti dákẹ́, ọmọ àkọ́bí ló máa ń di ọ̀rẹ́ wa. A ó sọ fún un pé owó ò tíì wọlé, a ó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe fún wa. Ọmọ á gbọ́, á tún rẹ̀ wá lẹ́kún, a ó máa yìn ín pé ó gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún 11 tó ń ro bí ìyá òun ṣe máa san owó ilé, kò sí àyè fún ìṣirò ìdá nínú orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó kàn án: pé owó ò tó bíi ti tẹ́lẹ̀, pé ẹ ó máa tọ́jú rẹ̀, pé ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ìyókù, ẹ wá àgbàlagbà bíi tiyín sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà mìíràn yìí ṣe pàtàkì fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Emmy Werner àti Ruth Smith, tẹ̀ lé ọmọ 698 tí wọ́n bí lọ́dún 1955 ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii, títí wọ́n fi dàgbà di òbí. Àwọn kan wà nínú wọn tí ìyà oríṣiríṣi kóra jọ lé lórí: òṣì, ìjà nílé, òbí tó ń ṣàìsàn ọpọlọ. Síbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn wọ̀nyẹn dàgbà di èèyàn tó ṣe é fọkàn tán. Ohun tó wà nínú ìgbésí ayé wọn léraléra ni ẹnì kan, ó kéré tán, tó dúró tì wọ́n: ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, olùkọ́, aládùúgbò. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ bàbá.

Ọ̀rọ̀Ṣùnùkùn:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo gba ti bébà kíká, mo gba ti oorun. Àmọ́ ẹ wo bí gbogbo yín ṣe ń rìn yí bàbá ọmọ yìí ká. Bàbá náà wà láàyè! Ìlú mìíràn ló wà, kò sí nínú ibojì. Ṣé ó ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ń kùnà ìṣirò? Ṣé wọ́n pè é? Ibi tí mò ń lọ láti òwúrọ̀ nìyẹn. Ẹ lè kọ ọkọ, ẹ ò lè bá ọmọ kọ bàbá.

Lọ́yàỌmọdé:

Lórí èyí, mo wà lẹ́yìn Ọ̀rọ̀Ṣùnùkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń le.

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní 20 oṣù kọkànlá ọdún 1989. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà, Amẹ́ríkà nìkan ni kò tíì fi òǹtẹ̀ lù ú. Abala 9 sọ pé ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí kan ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí náà déédéé, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀, àfi tí ìyẹn bá máa pa ọmọ lára. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ náà: ọmọ ni. Abala 18 fi ojúṣe títọ́ ọmọ lé òbí méjèèjì lọ́rùn. Abala 27 ní kí ìjọba ṣètò bí wọ́n á ṣe máa gba owó ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ òbí tó yẹ kó san án, kódà tó bá wà nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn kan gbé e débi tó yẹ: ní Jámánì, láti 1980 ni òfin ti wà pé bí òbí kejì ò bá san owó, ìjọba á kọ́kọ́ san án fún ọmọ, á wá lọ máa lé òbí náà kiri. Láti 2017, wọ́n ń san án títí ọmọ fi máa pé ọdún 18.

Ohun tí mo máa ń rí jù ni òbí tó so méjèèjì pọ̀: "Kò sanwó, kò ní rí ọmọ." Tàbí ẹnì kejì: "Wọn ò jẹ́ kí n rí ọmọ, mi ò ní sanwó." Ọmọ ló ń pàdánù lọ́nà méjèèjì. Ẹ bá a jà lórí owó níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn jà lórí owó, kí fóònù ọmọ sì máa wọlé lọ́jọ́ tí ẹ bá fi àdéhùn sí. Ẹ má sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí i, pé "sọ fún bàbá rẹ pé owó iléèwé ti tó san." Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

ÌyáÀdùnní:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó dùn mí.

Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò nà mí rí, kò na ọmọ rí. A kàn lè jà lórí ohunkóhun ni. Ó ń pe ọmọ, àmọ́ mi ò sọ ti ìdánwò fún un torí mo mọ̀ pé á ní èmi ni mo fà á. Mo ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí i báyìí, ìlà méjì péré: ohun tó ń kùnà, ohun tí a fẹ́ ṣe sí i. Ó fèsì pé òun á máa pè é ní ọjọ́ Sunday kí àwọn jọ ṣe ìṣirò lórí fóònù. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Mo tún kọ lẹ́tà sí tíṣà. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ìdílé mi dùn mí, kò sì tọ́. Àdùnní ò mọ bí a ṣe ń ro ìdá tí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ pọ̀, torí pé iléèwé tó ti wá ò tíì dé ibẹ̀ nígbà tí a kó. Ìlọ́po àti ìpín ò ṣòro fún un. Mo fẹ́ kí ẹ ràn án lọ́wọ́."

TíṣàÀgbà:

Ó dáa púpọ̀. Gbólóhùn kejì, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú lẹ́tà yìí, ẹ lọ sọ ọ́ fún un lójúkojú tàbí fún ọ̀gá iléèwé. Bó bá wà níbẹ̀, ìyẹn nìkan ló máa kà, á wá máa wá bó ṣe máa gbèjà ara rẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn náà, "ràn án lọ́wọ́" fẹ̀ jù, kò sí olùkọ́ tó máa ní òun ò ràn án lọ́wọ́. Ẹ bi í ní ohun tó ní ìdáhùn: "Ọjọ́ wo lẹ lè fún un ní ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn kíláàsì? Orí ẹ̀kọ́ mìíràn wo ni kíláàsì ti kọ́ kó tó dé?" Ìbéèrè kejì yẹn lówó lórí ju ìkíní lọ, torí mo ní ìgbàgbọ́ pé ìdá nìkan kọ́ ló bọ́ sọnù.

Ọ̀rọ̀Ṣùnùkùn:

Kí wọ́n fi nọ́ńbà bàbá sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà, kí iléèwé máa fi èsì ránṣẹ́ síbi méjì.

BàbáDátọ́mọ:

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí a fẹnu kò. Mo gbà.

ÌyáÀdùnní:

Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, mo ti yọ gbólóhùn kejì. A ká bébà lálẹ́ àná, ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un lọ síléèwé. Sà, ẹ jọ̀ọ́, ó bi mí ní 1/3 + 1/6, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà kan náà ni kí n tó da ọmọ ọlọ́mọ rú.

TíṣàÀgbà:

Ọ̀nà kan náà ni, ó tiẹ̀ rọrùn jù, torí pé 3 wọ inú 6, ìdá kan ṣoṣo lẹ máa yí padà. Bébà àná náà tó o. Àmọ́ ẹ má sọ fún un. Ẹ ní kó fi hàn yín, ẹ̀yin kí ẹ máa bi í pé "kí ló dé?" títí á fi rí i.